Àmì Ìṣó Lára Dúrọ́ọ̀mù

Òjò kì í rọ̀ ní Lima.
Ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí á ní irọ́ ni mò ń pa.
Ìrì ni, ìrì wẹ́wẹ́ tó ń sọ ọ̀sán di ìdájí,
tó ń rin aṣọ lórí okùn, tó ń rin irun ọmọ,
tí kò sì lè kún ìdérí ìkòkò kan.

Èmi ni mo máa ń di rọ́bà mú lẹ́yìn ọkọ̀ omi Don Abundio,
ọkọ̀ àtijọ́, bíréèkì rẹ̀ ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù.
A ó gun òkè títí yóò fi rẹ ọ̀nà fúnra rẹ̀,
níbi tí àtẹ̀gùn ti bẹ̀rẹ̀,
àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ìyeyè nígbà ìdìbò.
Dúrọ́ọ̀mù tò sẹ́bàá ọ̀nà bí aláìsàn ní ọsibítù,
ẹnu ṣí sílẹ̀.

Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ ni wọ́n ń yí.
Omi á dà, wọ́n á fi wẹ ajá,
wọ́n á fi rin koríko tí ẹran kankan ò jẹ,
owó tíntín ni wọ́n ń san lóṣù.
Lókè níbí, dúrọ́ọ̀mù kan, sólì mẹ́ta.
Wọ́n ní omi ò lọ́tàá.
Ó dáa. Ṣùgbọ́n ó lólówó.

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́ni jẹ; èmi náà ṣe é.
Téèyàn bá tẹ ẹnu rọ́bà báyìí, omi á hó,
ìfófó á kún dé etí, wọ́n á sanwó ìfófó.
Don Abundio ló kọ́ mi. Ó ní ìyẹn ni owó epo.

Àfi Ìyá Eufrosina.
Ilé rẹ̀ wà ní orí àtẹ̀gùn igba ó lé mẹ́rìnlá,
ẹní eèsún ni ògiri,
páànù méjì, òkúta mẹ́jọ lórí wọn
kí afẹ́fẹ́ má baà gbé òrùlé fún aládùúgbò.
Ayacucho ló ti wá, lọ́dún tí ìbọn wọ abúlé wọn.
Ó ti fi ìṣó ha ìlà sára dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ nínú.
Ó dúró tì mí, ó dé fìlà ọkùnrin,
kò sọ̀rọ̀. Ó ń dúró kí ìfófó kú.
Ìfófó kú.
Omi rẹlẹ̀ sí ìlà ní ìka mẹ́rin.
Ó ní, "Ọmọ mi, a kì í fi ìfófó se ọ̀dùnkún."
Mo kún un.

Lóṣù Kẹjọ, bíréèkì já lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́,
kò tilẹ̀ ké lọ́jọ́ náà.
Kò pa ẹnikẹ́ni. Ògiri kan ló wó, àti iṣẹ́ mi.
Owó ilé wọ oṣù kejì, onílé kó ẹrù wa síta.
Yadira ọmọ mi jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì láàárín títì,
ó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.
Àṣetiléwá. Ilé wo?

Ìyá Eufrosina ló fi ẹfun fa ìlà fún wa lórí yanrìn,
ìgbésẹ̀ mẹ́fà níbùú, mẹ́sàn-án lóòró.
Ó ní, "Ẹ sùn síbẹ̀ lálẹ́ òní.
Ilẹ̀ tí ẹ ò bá sùn, ẹlòmíràn ni yóò jí níbẹ̀."
A sùn. Ìrì ti jẹ ìlà ẹfun náà kí ilẹ̀ tó mọ́.
A tún un fà.

Wọ́n ní ẹni bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù.
Ọdún mẹ́fà ni mo fi da omi sórí òkè yìí,
eruku ni mo tẹ̀.
Àfi ti garawa kan tí mo bá lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ kejì,
ó kún, wọ́n fi ọ̀rá bò ó, kò sí ẹni tó bèèrè sólì.

Lónìí, ọkọ̀ mìíràn gòkè wá.
Ọmọkùnrin kan ló di rọ́bà mú.
Ó tẹ ẹnu rẹ̀ báyìí.
Mo rí i, n kò bínú sí i.
Yadira mú ìṣó lọ́wọ́.
A jọ dúró ti dúrọ́ọ̀mù wa,
a ń wo ìfófó.